Ta Ní Ń Bá Wọn Wẹ Ọmọ ní Àbújá?

Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ̀yin àlùfáà àti akápò ìjọ, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó san owó aṣọ ẹgbẹ́ tuntun lọ́dún yìí, ẹ wá gbogbo obìnrin tó bá bímọ ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì yín wà, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ, ì báà má jẹ́ ọmọ ìjọ. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa yà kí i títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé. Kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ni mo ń gbé fún yín. Iṣẹ́ tó bí ẹgbẹ́ yín ni. A kàn fi aṣọ àti àjọ̀dún bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká gba orí Mothers' Union ti ìjọ Áńgílíkà wọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó tàn ká gbogbo ilẹ̀ wa, olú ilé ìjọ náà ní Nàìjíríà sì wà ní Wuse níbí. Mary Sumner ni orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Wọ́n bí i lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1828 sí ilé olówó nítòsí Manchester, ó sì fẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Winchester. Ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, ìyẹn 1848, ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹni tí ìyà ń jẹ. Ọkọ rẹ̀ di àlùfáà Old Alresford, abúlé kan ní Hampshire, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà.

Ní 1876, Margaret, àkọ́bí rẹ̀, bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mary rántí bí àyà òun fúnra rẹ̀ ṣe já lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Margaret lé òun lọ́wọ́, pé ẹ̀mí kan ti di ẹrù òun, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bí obìnrin tó ní ìdílé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn bá lè bẹ̀rù, báwo ni ti ìyàwó alágbàṣe oko? Ó pe àwọn obìnrin abúlé jọ sí ilé àlùfáà, ìyàwó ọlọ́lá àti ìyàwó alágbàṣe nínú yàrá kan náà. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ṣe ń ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára mẹ̀kúnnù yóò mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ìròyìn.

Nígbà tó tó àkókò kó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ojora mú un. Ó ní kí wọ́n dákun máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n padà wá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà ju ibi tí ọbabìnrin yóò ti dá sí i níwájú lọ, nítorí mo mọ iye obìnrin tó máa ń sọ pé, "Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n máa bá wọn se oúnjẹ." Ẹni tó dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Fún ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà kò ju ti ìjọ kékeré yẹn lọ. Kò sí ìfilọ́lẹ̀, kò sí alága ọjọ́, kò sí akọ̀ròyìn. Ìgbà tó di 1885 ni àpérò ìjọ kan wáyé ní Portsmouth, wọ́n sì ní kí Bíṣọ́ọ̀bù Ernest Wilberforce ti Newcastle bá àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ tó wá síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà rí i pé obìnrin bíi tiwọn ló yẹ kó bá wọn sọ ọ́, ló bá ní kí Mary Sumner dìde. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ ti di ti dáyósíìsì Winchester, ó sì tẹ̀ síwájú. Ní 1896 wọ́n ní ìgbìmọ̀ gbogbogbòò, ní ọdún tó tẹ̀ lé e Ọbabìnrin Victoria di alátìlẹ́yìn wọn, nígbà tó sì fi máa di 1900 ọmọ ẹgbẹ́ ti tó 169,000. Mary Sumner kú ní 1921, ẹni ọdún 92. Lónìí ẹgbẹ́ náà sọ pé àwọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rin. Tiwa kún un dáadáa: ìyàwó àlùfáà ló ń darí rẹ̀ nínú ìjọ, ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù ló ń darí rẹ̀ ní dáyósíìsì, ìyàwó olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń darí rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà.

Àbújá náà ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìpàdé Old Alresford, ní 3 oṣù Kejì 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed fi Òfin Kẹfà ọdún náà ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún olú ìlú. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa á. Ní 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba gbé olú ìlú kúrò ní Èkó wá síbí. Àwọn Gbagyi, Koro, Gade àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ojú pópó sí i, àmọ́ àwa yòókù, àlejò ni wá. Iṣẹ́ ìjọba gbé àwọn kan wá, ọjà gbé àwọn kan wá, iṣẹ́ bíríkìlà gbé àwọn kan wá, ogun Boko Haram sì lé àwọn mìíràn láti Borno wá sí àgọ́ Wassa àti New Kuchingoro. Ìyá ìyá ọmọ wà ní Ìkirè, ìyá bàbá ọmọ wà ní Ọ̀wọ̀. Ní ilé, bí obìnrin bá bímọ, ta ni yóò sọ fún un pé kó lọ gbé omi kaná? Ìyá ọkọ ti gbé e kaná. Ẹnìkan ń wẹ ọmọ, ẹnìkan ń ro ọkà, ẹnìkan ń lé àwọn àlejò tó bá jókòó pẹ́ jù lọ sílé kí abiyamọ lè sùn. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ní Lugbe, ojú mẹ́rin náà ni ojú tó wà, méjì nínú rẹ̀ á sì ti jí lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òótọ́ ni pé ìyá àgbà máa ń wọkọ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Jabi lónìí, ẹ mọ ìdí tí àwọn mìíràn kò fi lè wá. Àwọn tó wá pàápàá, ọjà wọn wà nílé, oko wọn wà nílé, ọ̀sẹ̀ méjì ti gùn. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní ìyá mọ́ ńkọ́? Ọmọdébìnrin tó ń gbá ilé ní Maitama, tí ẹni tó fún un lóyún ti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà ńkọ́? Ìyàwó mẹ́rúwà tó ń gbé inú yàrá kan ní Mpape ńkọ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà lásán ni mò ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú ní Nàìjíríà nítorí oyún tàbí ìbímọ. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé. Ìṣirò náà kò parí sí ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó ń bá a lọ títí ọjọ́ 42 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya lẹ́yìn tí wọ́n ti dá obìnrin padà sílé, ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbé gìrì dé, ibà lè wọlé láti ilé ọmọ. Ohun tó sì ń pa púpọ̀ nínú wọn ni pé ẹni tó yẹ kó rí i kò sí nílé, tàbí ó rí i kò mọ̀ pé ewu ni, tàbí ó mọ̀ kò rí ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo dárúkọ lókè, ibẹ̀ ni mo ti mú un.

Bóyá ẹ ó sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì yín ń ṣe ìrànwọ́. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kejì, èyí tó dàgbà ju ti Mary Sumner lọ ní ohun tó lé ní igba ọdún. Ní oṣù Kẹjọ 1617, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Châtillon ní ilẹ̀ Faransé, àlùfáà Kátólíìkì tó ń jẹ́ Vincent de Paul ń múra ìsìn ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé àìsàn ti dá gbogbo ará ilé kan dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó lè bu omi fún ẹnìkejì. Ó mẹ́nu bà á nínú ìwàásù. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀nà ilé wọn kún fún ènìyàn, olúkúlùkù pẹ̀lú oúnjẹ. Àánú ńlá ni. Àmọ́ Vincent wò ó, ó rí i pé oúnjẹ yìí yóò bàjẹ́ lónìí, ebi yóò sì tún pa wọ́n lọ́la. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó kó àwọn obìnrin ìlú náà jọ, wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ìwọ ló ni òní, èmi ni mo ni ọ̀la. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti kọ òfin ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tí ìjọ sì ti fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláàánú tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà títí dòní.

Ẹ wo tiwa ní oṣù Kejìlá. Ilé ọmọ aláìlóbìí kan náà ni ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà yóò gbé àpò ìrẹsì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú bánà àti ayàwòrán. Ẹ padà lọ síbẹ̀ ní oṣù Kejì. Owó wà lọ́wọ́ wa, àánú wà lọ́kàn wa, ìlànà ọjọ́ ni kò sí. Obìnrin tó bímọ ní oṣù Karùn-ún kò lè dúró de Kérésìmesì.

Nílé níbí, ẹgbẹ́ tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyàwó àlùfáà, dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1932 kì í ṣe ti ìjọ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń kọ́ ara wọn. Ohun tó yí ẹgbẹ́ náà padà ni pé obìnrin ọlọ́jà kan wá, ó ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Wọ́n kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nípa owó orí àti ìrẹsì tí àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Nígbà tó di 1946 ẹgbẹ́ ti di ti gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá, wọ́n bá Aláké, ọba Ẹ̀gbá, jà lórí owó orí náà, ní oṣù Kìíní 1949 ó sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. N kò ní kí ẹ lọ lé ọba. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà ohun tí ó fẹ́, wọn kò gbé ohun tí ó wù wọ́n fún un. Abiyamọ tí ẹ fẹ́ gbé páńpáàsì fún lè jẹ́ pé oorun wákàtí méjì ló ń wá.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ẹgbẹ́ wa ní òfin, ẹni tó ṣègbéyàwó nínú ìjọ ló lè wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, ìgbéyàwó mímọ́ wà nínú ohun tí Mary Sumner dúró lé lórí, ní Bìrìtéènì pàápàá ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó gba obìnrin tó ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ra. Èmi kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Òfin tó sọ ẹni tó lè wọ ẹgbẹ́ kò sọ ẹni tí ẹgbẹ́ lè kàn sí. Dọ́káàsì ti Jọ́pà nínú Bíbélì rán aṣọ fún àwọn opó. A kò kà á níbì kankan pé ó kọ́kọ́ béèrè ìwé ìgbéyàwó wọn.

Ti aṣọ ńkọ́? Mo fẹ́ràn aṣọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá wọ aṣọ búlúù yẹn wọ ilé ìwòsàn Nyanya lóru, àwọn nọ́ọ̀sì yóò mọ̀ pé aboyún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kì í ṣe ẹni tí kò ní ènìyàn. Aṣọ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé kò tíì gbó. Ẹ ṣírò owó tuntun náà fúnra yín, kí ẹ wá wo iye ìgbà tí yóò gbé obìnrin láti inú Kuje dé ilé ìwòsàn ńlá Gwagwalada.

Bí ẹ bá gbà láti ṣe é, èyí ni bí ó ṣe lè rí. Ìwé kan, ẹni kan tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni méjì fún abiyamọ kọ̀ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí onímọ̀ ìlera wo ìyá àti ọmọ nígbà mẹ́rin ó kéré tán: láàárín wákàtí 24, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ̀yin kì í ṣe onímọ̀ ìlera. Tiyín ni pé kí ẹ rí i pé ìyá náà lọ, kí ẹ bá a gbé ọmọ, kí ẹ wo káàdì àjẹsára bóyá ọmọ ti gba ti ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì rántí ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ẹ bá a fọ aṣọ. Ẹ bá a wẹ ọmọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó ń da, orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣú, gìrì tàbí ibà, ẹ má jókòó gbàdúrà lé e lórí nílé. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀. Bákan náà ni ọmọ tí kò bá mu ọmú tàbí tí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó aṣọ ọmọ tó ti kúrú jọ láti fi ṣe àánú, ẹ gbọ́ èyí: ẹ má fi káńfọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba òórùn káńfọ̀ oníwóró náà. Ó lè sọ ojú àti ara wọn di pípọ́n, ó lè ba ọpọlọ wọn jẹ́ tàbí kó pa wọ́n. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má gbé àgbo fún ọmọ tuntun, ẹ má gbé mílíìkì agolo lọ fún ìyá tó ní ọmú. Ọmú nìkan ti tó fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má sì sọ ìwàásù di owó tí yóò fi sanwó ìbẹ̀wò yín.

Bí ilé tí ẹ kàn bá jẹ́ ti Mùsùlùmí, ẹ wọlé, ẹ kí wọn. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí, FOMWAN, tó ti wà láti 1985, ní olú ilé tirẹ̀ ní Àbújá níbí, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ ìlera àti ìwé kíkà. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yín, ẹ jọ pín òpópónà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé n kò rí yín. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń mú ìwé náà dání, kó sì sọ òru tí òun lè jí. Ẹ̀yin alága ẹ́sítéètì tí ẹ ń ti géètì láago mọ́kànlá, ẹ sọ fún ọlọ́dẹ pé bí aboyún bá dé, kó ṣí i láìbéèrè lẹ́tà. Ẹ̀yin akápò, ẹ yọ ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó ìkórè fún owó ọkọ̀ abiyamọ nìkan, kí ẹ sì ka bí ẹ ṣe ná an fún ìjọ ní gbogbo oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ jẹ́ kí ìkéde ìbímọ ṣíwájú ìkéde ìpàdé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ tó tú ká, kí ẹnìkan dìde béèrè ta ló bímọ ládùúgbò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìyànà yóò mọ̀ bí ẹ̀yin kò bá mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ìyá, ibi tó ń gbé, ọjọ́ tó bí, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni méjì àkọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó lọ sọ́jà.